Béárì Kọ́ Ló Lé Mi Wálé

Kí ẹnikẹ́ni tó tún sọ fún yín ní Festac yìí pé ẹranko ló lé Màmá Wálé kúrò ní Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ kí èmi tí mo lọ, tí mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi rìn jáde nínú igbó náà, sọ bó ṣe jẹ́ gan-an. Mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù Alhaji tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà lẹ́nu géètì wa. Mo ti gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnìkan tilẹ̀ ní béárì gé mi ní ìka. Ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá rèé, òun ni mo fi ń kọ ìwé yìí.

Ìyàwó ọmọ mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde, mi ò bá a jà. Ọ̀rọ̀ náà ló sọ, kò sọ ìdí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Àtẹ̀gùn

Òkè kẹta ni fíláàtì mi wà. Ìgbà tí èmi àti ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ la ti dé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti tọ́ ọmọ méjì, ibẹ̀ ni ọkọ mi kú sí, ibẹ̀ náà ni mo sì ń dá gbé láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan da omi ọṣẹ sórí àtẹ̀gùn, kò nù ún. Mo yọ̀, mo ṣubú, ẹsẹ̀ mi rọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ ti san. Ohun tí kò san ni ẹnu Wálé.

Wálé ni àkọ́bí mi. Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ló kọ́lé sí, kò jìnnà sí wa rárá. Ó wá, ó jókòó, ó wo ẹsẹ̀ tí mo fi aṣọ dì, ó ní, "Màmá, ẹ ti dàgbà. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo ti kun yàrá ìsàlẹ̀ fún yín. Ẹ ò ní gun nǹkan kan mọ́."

Yàrá náà dára o, mi ò ní parọ́ mọ́ ọmọ mi. Ó ní fáànù, ó ní tẹlifíṣọ̀n, ìyàwó rẹ̀ á sì máa gbé oúnjẹ wá bá mi níbi tí mo bá jókòó sí. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn nìyẹn, èmi ò sì ṣàìsàn. Mo ní mi ò lọ. Ó ní kí n rò ó dáadáa. Mo ní mo ti rò ó.

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí la wà tí Bùnmi, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà, fi pè mí. Ó ń sọ fún mi pé òun ń múra àtilọ pàgọ́ nínú igbó ìjọba àpapọ̀ kan, ní àfonífojì jíjìn kan láàárín òkè, pé ọdọọdún lòun ń lọ. Mo ní, "Ti ọdún yìí, èmi náà ń bọ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ìjọba àpapọ̀ ni mo sìn títí mo fi fẹ̀yìn tì, kí ló dé tí mi ò ní sùn nínú igbó ìjọba àpapọ̀, bí kì í tilẹ̀ ṣe ìjọba wa?

Nígbà tí Wálé gbọ́, ó kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, inú bí i. Ó ní, "Màmá, ẹni tí àtẹ̀gùn gbé ṣubú ló fẹ́ lọ máa sùn nílẹ̀ nínú igbó? Ó dáa. Tí ẹ bá sun ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀ pé, tí ẹ sì fi ẹsẹ̀ ara yín jáde, ẹ máa gbé ilé yín títí tó bá wù yín, ẹnu mi ò ní dárúkọ yàrá mọ́. Tí ẹ ò bá lè ṣe é, láti pápákọ̀ òfúrufú, ọ̀dọ̀ mi lẹ ń bọ̀ tààrà."

Mo ní mo gbà. Bùnmi wà lórí fóònù, ó gbọ́ ọ. Ilé mi ni mo fi lélẹ̀ yẹn o, kì í ṣe eré.

Wọ́n rò pé àdúrà ni

Ní tiwa níbí, àgbàlagbà tó bá ní òun ń lọ sùn sórí òkè, ohun kan ṣoṣo ló ń bá lọ. Nígbà tí mo sọ fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ṣọ́ọ̀ṣì pé mo ń lọ sórí òkè ní Amẹ́ríkà, Ìyá Ìjọ wa dìde, ó ní kí gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé kí n bá wọn gbé e lọ. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àpòòwé ti kún ọwọ́ mi: ẹni tó ń wá ọmọ, ẹni tó ń wá físà, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe ségesège.

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ má bínú, kì í ṣe òkè àdúrà. Mo kàn ń lọ wò ó ni."

Ìyá Ìjọ ní, "Kí lẹ fẹ́ wò?"

"Òkè. Igi. Omi."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Màá sùn. Tí mo bá jí, màá tún wò ó."

Ìyá Ìjọ wá sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Màmá Wálé, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe yín?"

Inú bí mi débi pé mi ò lè jókòó mọ́. Ká ní mo sọ pé mo fẹ́ gbààwẹ̀ ọjọ́ méje lórí àpáta, kí òjò pa mí, kí ẹ̀fọn jẹ mí, wọn ì bá gbé mi sórí. Ìyà la gbà kí àgbà lọ jẹ lórí òkè, ìgbádùn ni a ò gbà. Wọ́n gba àpòòwé wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àfi Màmá Sàmú, aládùúgbò mi, tó ní kí n mú tòun lọ bẹ́ẹ̀, pé Ọlọ́run ò ní béèrè bóyá fàájì ni mo bá wá.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Mo ra bàtà ọ̀kírìkà kan tó le bí òkúta, mo ra báàgì tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, mo sì di iṣu méjì sínú rẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń gbé iṣu yìí rìn láti ilé wa lọ sí Alákijà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń gbé mi padà. Alhaji á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á máa wò mí.

"Màmá Wálé, ṣé ẹ ti wọ ṣọ́jà ni?"

"Ogun wà nílé mi, Alhaji."

"Ẹ rọra o. Pẹ̀lú oòrùn yìí, iṣu yẹn á ti jinná kẹ́ ẹ tó délé."

Mo ní tó bá jinná, màá gé tiẹ̀ fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo rìn lọ, mo rìn bọ̀, mo sì gbé iṣu gun àtẹ̀gùn títí dé òkè kẹta. Mi ò pe Wálé láti sọ fún un. Ó máa rí i.

Kọ́ńfọ́ọ̀tì

Ẹ jẹ́ kí n fo ti bàálù àti ti ọkọ̀, gbogbo yín lẹ mọ̀ bí jíjókòó ṣe ń rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìgbà tí ọkọ̀ Bùnmi yí igun tó gbẹ̀yìn, tí ilẹ̀ là sí méjì níwájú wa. Lápá ọ̀tún, ògiri àpáta pupa. Lápá òsì, ògiri àpáta pupa. Ó ga débi pé mo ní láti di gèlè mi mú kí n tó lè rí òkè rẹ̀. Igi tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́ kún gbogbo ìsàlẹ̀, odò kan sì ń sáré láàárín wọn, ó mọ́, mo ń rí òkúta inú rẹ̀. Mo sunkún. Bùnmi ní kí ló dé. Mi ò mọ ohun tó dé. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí pé irú nǹkan báyìí wà láyé.

Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́ jù. Tí mo bá rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, màá dúró. Àwọn ọ̀dọ́ náà ń dúró, ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ igbó kan wá bá wa, ọmọbìnrin kan tó dé fìlà fífẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní, "Báwo ni, Kọ́ńfọ́ọ̀tì?" Orúkọ mi gan-gan. Kò kúnlẹ̀, kò tẹrí ba, ó na ọwọ́ sí mi bí ẹni pé a jọ lọ sílé ìwé. Mo ṣíjú wo Bùnmi. Bùnmi rọra fún mi lápá, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn." Mo gba ọwọ́, ṣùgbọ́n ojú mi kò rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó di ọ̀sán, ó tún kọjá. "Kọ́ńfọ́ọ̀tì, ṣé ara ti ń bá ibí mu?" Ó wá yà mí lẹ́nu pé kò dùn mí mọ́. Látìgbà tí ọkọ mi ti kú, ẹnikẹ́ni ò pè mí bẹ́ẹ̀. Màmá Wálé ni mí, Màmá Bùnmi ni mí, Màmá àgbà ni mí. Ọmọ yìí kò mọ̀ pé mo bí ẹnikẹ́ni. Ó dà bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, tí mo gbé fáìlì dání, tí mò ń wá ọ́fíìsì tí wọ́n ní kí n lọ. Ó dùn mọ́ mi, mi ò sì tijú láti sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ibẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn. Wọ́n á sọ "hai," wọ́n á ti kọjá. Ó sú mi. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti àgọ́ kan sí èkejì, mo ń béèrè bí wọ́n ṣe jí. Àwọn kan wò mí bí ẹni tó fẹ́ ta ọjà fún wọn. Ní àgọ́ kẹta, ìyá òyìnbó kan jókòó, irun rẹ̀ funfun báláú, ó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ igi. Lín lorúkọ rẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún.

Mo ní, "Ta ló bá yín wá?"

Ó ní, "Mo dá wá ni."

"Àwọn ọmọ yín ńkọ́?"

"Wọ́n fẹ́ kí n jókòó sílé."

Àwa méjèèjì wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín, a rín in títí omi fi bọ́ lójú mi. Látìgbà yẹn la ti di ọ̀rẹ́. Ó yan nǹkan funfun kan tó rọ̀ bí òwú lórí iná fún mi, ṣúgà lásán ni, mo jẹ ẹ́ nítorí ọ̀wọ̀. Èmi náà ro ẹ̀bà fún un, mo fi ọbẹ̀ ata sí i. Ata ta á, ojú rẹ̀ pọ́n, ó mumi, ó tún na ọwọ́ sí abọ́.

Ẹja àrọ̀

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni mo dé yìí. Mi ò ní fi bò.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀ṣọ́ igbó sọ fún wa pé gbogbo oúnjẹ, títí kan ọṣẹ, inú àpótí irin kan ló gbọ́dọ̀ wà nítorí béárì. Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Mo kó gàárì síbẹ̀, mo kó búrẹ́dì síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àgọ́ mẹ́ta ló ń lo àpótí náà, ẹnikẹ́ni ló lè ṣí i. Ilé ni wọ́n ti kọ́ mi pé èèyàn kì í gbé ohun ọbẹ̀ rẹ̀ síbi tí ojú rẹ̀ ò tó, kí àjèjì má baà fọwọ́ kàn án. Ẹja àrọ̀ gbígbẹ tí mo gbé láti Èkó, èyí tó tóbi, tó dúdú, tó ń ta sánsán, mo fi ọ̀rá mẹ́ta wé e, mo fi ìró wé ọ̀rá, mo tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì mi nínú àgọ́. Mi ò sọ fún Bùnmi.

Ní àárọ̀ kejì, lẹ́yìn tí a ti sun ọjọ́ méjì níbẹ̀, ilẹ̀ ti mọ́, Bùnmi ti lọ pọn omi, èmi náà lọ fọ ẹnu. Ìgbà tí mo ń bọ̀, mo rí i pé àgọ́ wa ti fàya. Ìdí dúdú kan yọ sóde níbẹ̀, ó tóbi ju ti màlúù lọ. Orí rẹ̀ wà nínú báàgì mi.

Ẹsẹ̀ mi ò sáré, nítorí kò lè sáré. Mo gbọ́ ohùn Lín lẹ́yìn mi, ó ní kí n má sáré, kí n gbé apá sókè, kí n pariwo. Mo gbé apá sókè, mo sì pariwo bí mo ṣe ń pariwo mọ́ ewúrẹ́ tó bá wọ ibi èlùbọ́ tí mo sá: "Jáde níbẹ̀! Olè! Ẹja tí mo gbé láti Èkó lo wá ń jẹ!" Béárì yọ orí. Ó wò mí. Ẹja mi wà lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú ìró mi. Ó yí padà, ó rọra ń lọ, kò tilẹ̀ kánjú. Ìgbà tí mi ò rí i mọ́ ni mo tó jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ẹni tó bá ní ẹ̀rù ò lè ba òun níbẹ̀, kó lọ wò ó.

Ẹ̀ṣọ́ igbó dé, kò pariwo mọ́ wa. Ó ní béárì tó bá ti mọ adùn oúnjẹ èèyàn kì í yé padà wá, pé nígbẹ̀yìn, ìbọn ni wọ́n máa ń fi pa á. Ìyẹn dùn mí ju àgọ́ tó ya lọ. Ẹranko tó wà ní ilé ara rẹ̀ ni, èmi ni mo gbé wàhálà wá bá a. Ó yíjú sí Bùnmi, ó fẹ́ máa kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní, "Kì í ṣe òun. Èmi ni. O sọ fún mi, mo gbọ́, mi ò ṣe é." Ó ní, "O ṣeun, Kọ́ńfọ́ọ̀tì," ó sì kọ orúkọ mi.

Bùnmi ti ń kó ẹrù. "Màmá, ó tó. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ó ku ọjọ́ kan."

"Màmá, béárì!"

"Mo rí i. Èmi ni mo bá a jà. Ó ku ọjọ́ kan."

Lín ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó lọ gbé àgọ́ kékeré kan jáde nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un mọ́lẹ̀ fún wa. Mo kó gbogbo ohun tó ń rùn lára ẹrù mi, títí kan ìpara, mo kó o sínú àpótí irin. Mo ka ìwé ẹ̀bẹ̀ Màmá Sàmú sókè létí odò, mo fi àmín sí i. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta pé, mo ní kí Bùnmi wa ọkọ̀ síwájú, kó lọ dúró dè mí lókè; mo gbé báàgì mi tó ti ya kọ́ ẹ̀yìn, mo gun ọ̀nà òkè náà jáde. Ó pẹ́ mi, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbé mi.

Nínú ọkọ̀, Bùnmi ní, "Màmá, Bọ̀dá Wálé ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ béárì yìí o. Tí wọ́n bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, ilé yín ti lọ nìyẹn." Mo ní mo ti gbọ́.

Amúwo

Wálé wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfúrufú l'Ékòó. Ó dì mọ́ mi, ó yẹ̀ mí wò níwá lẹ́yìn, inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n dípò kó kọrí sí Festac, ó yà sí Amúwo. Ó ní kí n kọ́kọ́ jẹun. Mo wọlé, ó ṣí yàrá ìsàlẹ̀ kan fún mi pé kí n gbé báàgì sílẹ̀. Mo rí ìrọ̀rí mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rí Bíbélì mi. Mo gbójú sókè, mo rí fọ́tò ọkọ mi lára ògiri.

Mo ní, "Àdéhùn wa ńkọ́?"

"Màmá, ẹ ti borí, mo gbà. Ọjọ́ mẹ́ta, nǹkan kan ò ṣe yín, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀ báyìí."

Mo lè dákẹ́ níbẹ̀. Mo lè sọ pé ọjọ́ mẹ́ta pé, nǹkan kan ò ṣe mí, kí n gbé fọ́tò mi. Ṣùgbọ́n irọ́ kọ́ ni màá fi gba ilé mi. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ẹja, àpótí irin, béárì, ìwé tí wọ́n kọ orúkọ mi sí. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, kò lè padà.

Wálé ti dìde. "Ẹ ò rí i báyìí? Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyí. Béárì, Màmá. Béárì!"

"Jókòó, Adéwálé."

Ó jókòó.

"Mo ṣe àṣìṣe. Wọ́n kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Ọdún tí o gbé ọkọ̀ bàbá rẹ lọ gbá òpó iná ní Mazamaza, ṣé wọn ò kìlọ̀ fún ọ ni? Ta ló gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ? Bàbá rẹ ní kí o lọ tún un ṣe, kó o sì máa wà á lọ. Tí ọmọdé bá ṣe àṣìṣe, ẹ ní ó ń kọ́gbọ́n. Tí àgbà bá ṣe tiẹ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ kun yàrá fún un. Èmi náà kọ́gbọ́n. Mo tún un ṣe, mo sùn síbẹ̀ títí ọjọ́ fi pé."

Mo rò pé ó máa bá mi jiyàn. Kò jiyàn. Ó gbé orí lé ọwọ́ méjèèjì.

"Màmá, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ọjọ́ tí Dádì kú, ẹ pè mí, ibí yìí ni mo wà. Mo ní kí n parí oúnjẹ tí mò ń jẹ. Nígbà tí màá fi dé…" Kò lè parí rẹ̀. "Mi ò fẹ́ pẹ́ dé lẹ́ẹ̀kejì."

Ọdún mẹ́fà, ọmọ mi ń gbé ẹrù yìí kiri, mi ò mọ̀. Mo fa orí rẹ̀ mọ́ àyà mi, mo sunkún, òun náà sunkún, ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó bá wa sun ún. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó ṣe mí débi pé ó kù díẹ̀ kí n ní ó dáa, màá dúró.

Mo nu ojú mi. Mo ní, "Mo gbọ́, ọmọ mi. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa gbé inú ẹ̀rù tìrẹ, kí n wá máa pè é ní ilé mi."

Ó dìde, òun fúnra rẹ̀ ló yọ fọ́tò bàbá rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú dígí náà, ó gbé e fún mi.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, kí ilẹ̀ tó ṣú."